Rédíò Agbègbè àti Òfin Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Dé Port Harcourt

Ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè ọdún tí rédíò agbègbè, ìyẹn èyí tí aráàdúgbò fúnra wọn ni, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ lè gbọ́ ọdún mẹ́ta: 2002, 2010, 2015. Nítorí àríyànjiyàn yìí ni mo ṣe kó ìtàn náà jọ, pàápàá bó ṣe kan Port Harcourt, tó wà lára ibi tí ìwé àṣẹ rédíò ti wọ́n jù.

Kó tó di 1992, ìjọba nìkan ló ni rédíò. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba Babangida gbé Òfin 38 jáde, ó dá NBC, àjọ tó ń darí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, sílẹ̀, ó sì gba aládàáni láyè. Raypower, rédíò aládàáni, bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Àmọ́ olówó nìkan layè ọ̀hún gbà. Ní Èkó, Àbújá àti Port Harcourt, owó ìwé àṣẹ rédíò aládàáni di mílíọ̀nù 20 náírà; níbòmíràn, mílíọ̀nù 15. Níbo ni apẹja etí omi Bundu ní Port Harcourt yóò ti rí i?

Ohun tó le ju owó lọ ni abala 39 ìwé òfin 1999. Ó gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sọ́tọ̀: yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ nìkan ló lè ní in. NBC kàn ń gba ìwé, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń fi í ṣọwọ́ sí Ààrẹ nípasẹ̀ mínísítà. Àwọn tó ń dá NBC nìkan lẹ́bi kò ka òfin náà dópin.

Láti 2003 ni Institute for Media and Society ti Akin Akingbulu, pẹ̀lú AMARC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn rédíò agbègbè, àti ẹgbẹ́ Panos, ti ń jà fún rédíò agbègbè. Ní 2006, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Opubor jẹ́ alága rẹ̀ jókòó lórí ìlànà tí yóò máa darí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, Ààrẹ Jonathan kéde pé ọ̀nà ti là. Ìwé àṣẹ kò tẹ̀ lé ìkéde náà. Ọdún 2015, nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò lórí oyè, ló tó fọwọ́ sí i fún agbègbè 17. Nítorí náà, 2015 ni mo fara mọ́. Ti yunifásítì ni 2002 tí àwọn kan ń tọ́ka sí, ìyẹn Yunifásítì Èkó (UNILAG). Ọ̀gá yunifásítì kì í ṣe aráàdúgbò.

Ẹ fi ti Amẹ́ríkà wé e: níbẹ̀, FCC, àjọ tó ń darí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn, fọwọ́ sí rédíò wáàtì 100 fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe oníṣòwò ní 2000. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ńlá pariwo pé yóò da ohùn àwọn rú, ilé aṣòfin sì fi òfin dí i lọ́nà lọ́dún kan náà. Ilé aṣòfin yìí kan náà ló tún tú u sílẹ̀. Ààrẹ Obama fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2011. Níbi tiwa, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, Ààrẹ, ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní Port Harcourt, ilé wíwó ló sọ ọ́ di ọ̀ràn-anyàn pé kí aráàdúgbò ní ohùn. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ 2009, ìjọba Gómìnà Rotimi Amaechi wó àdúgbò etí omi Njemanze. Amnesty International ní ó kéré tán, èèyàn 13,800 ni wọ́n lé jáde nílé. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn agbófinró yìnbọn fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Bundu. Ní oṣù Kẹfà 2012, wọ́n wó Abonnema Wharf, àdúgbò etí omi mìíràn. Láàárín wàhálà yìí ni Chicoco Radio dìde, lábẹ́ CMAP, ẹgbẹ́ tó ń fi rédíò àti fíìmù jà fún aráàdúgbò, ti Michael Uwemedimo àti Ana Bonaldo. Ẹrẹ̀ tí àwọn ará etí omi fi ń kún ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò jókòó de ìwé àṣẹ kí wọ́n tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ti ń ya fíìmù àti àwòrán ilẹ̀ àdúgbò. Kunlé Adéyẹmí, ọmọ wa tó ya ilé ìwé orí omi Makoko ní Èkó, ló ya àwòrán ilé rédíò náà. Ẹni tó bá sọ pé rédíò kì í ṣe rédíò títí ìwé àṣẹ yóò fi dé, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òfin: ní 2022, NBC kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Adájọ́ James Omotosho ní Àbújá ní àjọ náà kò láṣẹ láti máa bu owó ìtanràn fún ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó fọwọ́ kan àṣẹ Ààrẹ inú abala 39. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 1999 ló ṣì wà.