Ètò Màgasíìnì Orí Tẹlifíṣọ̀n Nínú Sítúdíò Akẹ́kọ̀ọ́

Ètò màgasíìnì orí tẹlifíṣọ̀n ni ètò tó kó oríṣiríṣi abala jọ sábẹ́ orúkọ kan: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, fídíò kúkúrú tí wọ́n ti lọ ká sílẹ̀ níta, oúnjẹ sísè, orin, ìkéde. Atọ́kùn kan tàbí méjì ló ń mú òǹwòran láti abala kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló máa ń fi irú ètò yìí dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, nítorí ó ṣòro láti rí iṣẹ́ sítúdíò kan tí kò sí nínú rẹ̀.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ilé-iṣẹ́ NBC ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Today ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1952. Ní ọdún 1957, BBC gbé Tonight sí wákàtí ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti máa ń dá ètò dúró tẹ́lẹ̀ kí àwọn òbí lè ráyè kó ọmọ lọ sùn. Ní tiwa, Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, nígbà tí WNTV ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ̀ lé e: Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ní ọdún 1966, NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Jos ní ọdún 1980. Ẹni tó bá ti wo Sunrise Daily lórí tẹlifíṣọ̀n Channels láàárọ̀ ti mọ bí ètò màgasíìnì ṣe ń rìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, olóòtú ètò àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ètò tí ìyá ọlọ́jà yóò wò nírọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wò lórí fóònù lóru. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó máa wá kókó ọ̀rọ̀, àlejò àti àwòrán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà ni pé wọ́n á kó abala márùn-ún jọ, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ èèyàn méjì tó jókòó sórí àga tó ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àdìrẹ yẹ kó kọ́kọ́ lọ ká fídíò ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, kí òǹwòran fojú rí aṣọ kí aláàdìrẹ tó wá jókòó ní sítúdíò láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àtòkọ ètò ni gbogbo iṣẹ́ rọ̀ mọ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà abala, ohun tó wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà tàbí fídíò tí àwòrán yóò ti wá, iye ìṣẹ́jú rẹ̀, àti ohun tí aago gbọ́dọ̀ wí nígbà tó bá parí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ wá síwájú. Bí ètò bá jẹ́ ìṣẹ́jú 27, tí orin ìparí gba ìṣẹ́jú 4, tí ìdágbére àti àkọlé ìkẹyìn sì gba ìṣẹ́jú 2, orin náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago bá kan 21, yálà àsè ti jinná tàbí kò tíì jinná. Bí abala oúnjẹ bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú 6, mọ́ínmọ́ín kò lè jinná láàárín rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀wà lílọ̀ á wà nínú abọ́ kan, èyí tí wọ́n ti pọ́n sínú ewé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ti jinná láti ilé á sì wà lábẹ́ tábìlì. Àga atọ́kùn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ aago ló ń kọ́ iṣẹ́ jù.

Inú yàrá ìdarí ni olùdarí jókòó sí pẹ̀lú ẹni tó ń pààrọ̀ àwòrán, ẹni tó ń mójú tó ohùn àti ẹni tó ń ṣọ́ aago. Olùdarí máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ kó tó pàṣẹ: ó ní kí kámẹ́rà kejì múra sílẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ní kí wọ́n bọ́ sí i. Alámòójútó inú sítúdíò ló ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ etí, tó sì ń fi ìka ọwọ́ ka ìṣẹ́jú tó kù han atọ́kùn. Òun náà ló ń gbàlejò, tó ń sọ fún ìyá àgbà tó wá ṣàlejò pé, “Ẹ máa wojú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, mà, ẹ má wo kámẹ́rà.”

Aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ní wàhálà tiwọn. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn a máa kan gbohùngbohùn tí wọ́n fi há àyà, ariwo rẹ̀ á sì bo ọ̀rọ̀. Etí gèlè ńlá lè da òjìji bo ojú, àfi kí wọ́n sọ iná iwájú kalẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé síwájú ògiri aláwọ̀ ewé tí kọ̀ǹpútà fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni òǹwòran yóò rí.

Ìkíni tún wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n bi ní ìbéèrè àkọ́kọ́ lè kọ́kọ́ kí atọ́kùn, kó kí olùdarí tí kò rí, kó kí gbogbo òǹwòran, kó sì fi àdúrà lé e. Ọmọlúàbí atọ́kùn kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Yóò dúró kó mí, yóò ní, “Àṣẹ o, mà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti aró yẹn lẹ́nu yín.” Ẹgbẹ́ tó gbọ́n a máa fi ààyè ìkíni sílẹ̀ nínú àtòkọ.

Ìdánrawò máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán: ọ̀kan láìtan kámẹ́rà, ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká ètò láìdúró, bí ẹni pé ó ti wà lórí afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò bá ní bátìrì tó ń gbé e ró á ti kú kí jẹnẹrétọ̀ tó jí.

Nígbà tí wọ́n bá jókòó wo fídíò náà, olùkọ́ á gbé àkókò tí abala kọ̀ọ̀kan gbà gan-an sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nínú àtòkọ, ẹgbẹ́ náà á sì sọ ohun tó fa ìyàtọ̀. Ní ètò tó kàn, ipò á yí: ẹni tó di kámẹ́rà mú tẹ́lẹ̀ á bọ́ sídìí aago, atọ́kùn á sì lọ máa yí wáyà.