Yunifásítì àti Ilé-iṣẹ́ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Dá Sílẹ̀

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí yunifásítì lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni kíláàsì nípa òwò, ìdíje tí wọ́n ti ń ta olúborí lọ́rẹ owó, àti ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè lo iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan wọ̀nyí wúlò. Ìdíje tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1990 pẹ̀lú ẹ̀bùn 10,000 dọ́là ti di ti 100,000 dọ́là, Nàìjíríà náà sì ti sọ ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ di dandan ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ jáde tí wọ́n sì dàgbà, a ó rí i pé ohun tí yunifásítì ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi dìde: èèyàn, irinṣẹ́ ìwádìí, àkókò, àti àdéhùn tó yéni lórí ẹni tó ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá hùmọ̀.

Yunifásítì Stanford ní ìpínlẹ̀ California ni àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù. Frederick Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, kò fẹ́ràn bí àwọn ọmọ tó kọ́ ṣe ń kó lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wáṣẹ́. Òun ló bá David Packard, ọ̀kan nínú wọn, wá owó ẹ̀kọ́ kí ó lè kúrò ní ilé-iṣẹ́ General Electric padà wá, Packard àti William Hewlett sì bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ wọn ní 1939 pẹ̀lú 538 dọ́là. Inú iṣẹ́ ìwádìí tí Hewlett ṣe gboyè ni ẹ̀rọ ìdánwò ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ tà ti jáde (Disney ra mẹ́jọ nínú rẹ̀ nítorí fíìmù Fantasia). Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì Stanford gbé ẹ̀rọ ìwákiri wọn dìde. Ilé David Cheriton, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ni wọ́n ti pàdé Andy Bechtolsheim, tó kọ sọ̀wédowó 100,000 dọ́là fún wọn ní 1998 kí Google tó di ilé-iṣẹ́ lábẹ́ òfin. Bechtolsheim fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford rí, ó sì wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems sílẹ̀ ní 1982. Kò sí ìdíje kankan nínú ìtàn yìí. Ojúlùmọ̀ ló ń mú ojúlùmọ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló ta kókó jù. Òfin Bayh-Dole ti 1980 gba yunifásítì Amẹ́ríkà láyè láti ni ohun tí wọ́n bá fi owó ìjọba àpapọ̀ hùmọ̀, Stanford sì ti ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó irú rẹ̀ láti 1970. Nítorí náà, Stanford ló ni ẹ̀tọ́ àtinúdá lórí ọgbọ́n tí Google fi ń to ojú-ewé. Ó fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ láti lò ó, ó gba ìpín nínú rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 2005 ó ti ta ìpín náà ní nǹkan bí 336 mílíọ̀nù dọ́là. Yunifásítì Waterloo ní Kánádà gba ọ̀nà òdìkejì: ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan ló ni ín. Ìlànà méjèèjì ti so èso, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ èwo ni òfin kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti ṣókùnkùn, olùdókòwò á sá. Ta ni yóò náwó sórí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè jí lọ́la kó ní tòun ni?

Àwọn kan á ní Bill Gates àti Mark Zuckerberg kò parí Harvard, kí wá ni yunifásítì ṣe fún wọn? Ó ṣe ju bí a ṣe rò lọ. Kọ̀ǹpútà Harvard ni Gates àti Paul Allen fi kọ ètò BASIC tó bí Microsoft ní 1975, inú àwọn aláṣẹ kò sì dùn sí i. Ọgbà Harvard kan náà ni Zuckerberg ti rí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ Facebook ní 2004, àti àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ìgbà tí ọwọ́ wọn ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n kúrò. Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: bí olùkọ́ bá ń dókòwò nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìwádìí lè tẹ̀ síbi tí owó wà. Òótọ́ ni, Cheriton náà fi owó sí Google. Yunifásítì ńláńlá máa ń ní kí olùkọ́ kéde irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde kò gba agbára tó ní lórí máàkì àti oyè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi kí ẹlòmíràn máa bójú tó ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Owó ológun Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kó ipa ńlá nínú ọrọ̀ Stanford àti àdúgbò rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí iná kì í dúró kò sì lè wò ó kọ. Síbẹ̀, èèyàn kò wọ́n bí owó. Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi ti pàdé. Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ni ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà ní 2020. Àkókò ló ṣọ̀wọ́n jù. Láti 1957 tí Waterloo ti bẹ̀rẹ̀ ló ti to tirẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà: akẹ́kọ̀ọ́ á kàwé fún oṣù díẹ̀, á lọ ṣiṣẹ́ gbowó fún oṣù díẹ̀, á tún padà. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ Jobberman, tó ń báni wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2009. Wọ́n ráyè ṣe é nítorí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti yanṣẹ́ lódì, kò sì sí kíláàsì tí wọ́n fẹ́ lọ.