Keith Haring àti Ògiri Ìgboro

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ọkùnrin tí ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán sí ara ògiri ni mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní ṣé ìtàn àwọn ọba ti tán ni, àbí ti àwọn jagunjagun ni kò sí mọ́, tí n óò fi máa wá ìtàn aláṣejù kan kiri ìgboro New York? N kò bá a jiyàn. Mo kàn bi í léèrè pé nínú gbogbo ohun tí ó ti kà láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, èwo ni ó kà láìsan owó, láìwọ ilé ìkàwé, tí olùkọ́ kankan kò sì ní kí ó kà á? Ó ronú títí, ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sí ara ògiri ni." Mo ní ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn.

Keith Haring ni orúkọ ẹni tí mo ń sọ. Ìlú Reading ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1958, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Kutztown ni ó sì ti dàgbà. Òun ni àkọ́bí, obìnrin mẹ́ta ni ó tẹ̀lé e. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń fa ìlà. Ní 1976 ó lọ sí ilé-ìwé kan ní Pittsburgh níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àwòrán ìpolówó ọjà. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé iṣẹ́ náà kò bá òun lára mu, ó sì fi í sílẹ̀. Ní 1978 ó di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí New York, ó wọ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní School of Visual Arts. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹni tí ń kọ́ nípa èdè bí èmi kò lè gbójú fò dá: ẹ̀kọ́ nípa àmì àti bí àmì ṣe ń ní ìtumọ̀.

New York tí ó wọ̀ nígbà náà, ìlú tí ìkọ̀wé kún ara ògiri rẹ̀ ni. Ní 1971 ìwé ìròyìn New York Times ti kọ nípa ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ "TAKI 183" kiri ìlú; láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí ń kọ orúkọ wọn ti ń pọ̀ sí i, títí ara ọkọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ fi di aláràbarà nínú àti lóde. Ìbàjẹ́ ni àwọn aláṣẹ kà á sí. Haring kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní tòótọ́, nítorí pé ó ti tó ọmọ ogún ọdún kí ó tó dé ìlú náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn wù ú, ó sì ń bá wọn ṣe ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ kan ní 1980 ni ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọjọ́ ìpolówó ọjà kan bá ti pé ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, bébà dúdú ni wọ́n máa ń lẹ̀ bò ó títí ẹlòmíràn yóò fi san owó tirẹ̀. Bébà náà dúdú, kò dán, ó dàbí pátákó tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́. Haring gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ra ṣọ́ọ̀kì funfun, ó sọ̀kalẹ̀ padà, ó sì ya àwòrán sí i. Láti ìgbà náà títí di 1985 ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ń yà tó 40.

Ẹ jẹ́ kí a ro iṣẹ́ náà wò. Ṣọ́ọ̀kì tí a bá fi fa ìlà sórí bébà dúdú kò ṣe é pa rẹ́ kí ó má fi àpá sílẹ̀. Ọlọ́pàá lè yọ nígbàkígbà. Àwọn èrò tí ń dúró de ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń bi í pé kí ni ìtumọ̀ eléyìí. Nítorí náà ó kọ́ láti máa fa ìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìkọ́kọ́ fi pẹ́ńsù wọ̀n ọ́n. Bí ó ti ń ṣe nìyẹn títí ó fi kú, kódà nígbà tí ògiri tí ó dojú kọ ga tó ilé alájà mẹ́ta.

Àwọn àmì rẹ̀ kò pọ̀: ọmọ ọwọ́ tí ń rá nílẹ̀ tí ìtànṣán yí i ká, ajá tí ń gbó, àwọn ènìyàn tí kò ní ojú, tí kò ní imú, tí a kò sì lè sọ bóyá dúdú ni wọ́n tàbí funfun. Bí ọ̀rọ̀ ni ó ṣe ń lò wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa "orí": orí tí ó wà nínú "orí igi" kì í ṣe irú èyí tí ó wà nínú "orí mi ni ó gbè mí", ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ajá Haring. Bí ajá náà bá ń gbó mọ́ ènìyàn, ìtumọ̀ kan nìyẹn. Bí àwọn ènìyàn bá ń jó yí i ká, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ́pọ̀ ìgbà nítorí àwòrán wọ̀nyí. Wọn a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọn a bu owó ìtanràn lé e, yóò san án, yóò sì padà sídìí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ a máa sọ apá yìí bí ẹni ń sọ ìtàn ìjàpá, gbogbo ènìyàn a sì rẹ́rìn-ín. Níbí yìí ni èmi fẹ́ kí a dúró díẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, àwọn ọlọ́pàá rélùwéè mú ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Michael Stewart, ọmọ ọdún 25, ní ibùdókọ̀ First Avenue. Wọ́n ní ó ń kọ nǹkan sí ara ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ ní dídè, kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Kò tún lajú. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni ó kú. Wọ́n pe ọlọ́pàá mẹ́fà lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 1985 àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, ní wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni, abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni. Èkíní san owó ìtanràn, ó sì lọ sílé. Èkejì kò dé ilé mọ́. Bí a bá ń yin ìgboyà Haring láìmẹ́nu kan èyí, irọ́ ni a ń pa, n kò sì rò pé òun fúnra rẹ̀ yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó ya àwòrán ńlá kan nípa ikú náà, ó sì fi orúkọ Stewart pè é.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jean-Michel Basquiat ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ Brooklyn ni Basquiat, ará Haiti ni bàbá rẹ̀, ọmọ Puerto Rico ni ìyá rẹ̀. Òun náà ti kọ ọ̀rọ̀ sí ara ògiri ìgboro pẹ̀lú orúkọ SAMO kí ó tó di olókìkí. (Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí ó yà kẹ́yìn ní 1988, ọdún tí ó kú, Exu ni ó pè é, èyí tí í ṣe Èṣù tiwa bí àwọn ará Brazil ti ń kọ ọ́.) Ikú Stewart bà á lẹ́rù púpọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ òun. Nígbà tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ Haring ní 1983, ó mú ọ̀dà, ó ya ọlọ́pàá méjì sí ara ògiri níbẹ̀, kóńdó wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan tí ó dúdú bí òjìji sì dúró láàárín wọn. Nígbà tí Haring fẹ́ kó kúrò ní ilé náà, ó gé ibi tí àwòrán náà wà kúrò lára ògiri, ó gbé e lọ, ó sì gbé e kọ́ sí òkè ibùsùn rẹ̀.

Ní 1986 ni ó ya èyí tí àwọn ará New York mọ̀ jù. Ní ìgbà náà kíráàkì, èyí tí í ṣe kokéènì tí wọ́n sè di òkúta wẹ́wẹ́, ń ba ayé àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, ó sì ti mú ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá Haring ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ó wa ọkọ̀ lọ sí Harlem, sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Harlem River Drive, níbi tí ògiri kan wà tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀dà kọ "CRACK IS WACK" gàdàgbà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan burúkú ni kíráàkì, ó sì ya àwọn àwòrán rẹ̀ yí i ká. Ọlọ́pàá mú un. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí fi ògiri náà hàn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn náà. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ wá rọ̀, wọ́n ní kí ó san dọ́là 100 péré. Lẹ́yìn náà ẹnì kan lọ yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ó lè máa yin kíráàkì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú sì kun gbogbo rẹ̀ pa. Ìgbà náà ni ọ̀gá àwọn ọgbà ìlú wá bẹ Haring pé kí ó jọ̀wọ́ padà wá yà á. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn ògiri. Ìjọba tí ó gba owó ìtanràn nítorí àwòrán kan náà ni ó pèsè ọ̀dà!

Nínú oṣù Kẹwàá yìí kan náà ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Checkpoint Charlie pè é sí Berlin. Ní ọjọ́ 23 ó ya àwòrán tí ó gùn tó mítà 100 sí ara ògiri tí ó pín ìlú náà sí méjì: àwọn ènìyàn pupa àti dúdú lórí ọ̀dà yẹ́lò, wọ́n di ara wọn mú tọwọ́ tẹsẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Àwọ̀ àsíá Jámánì méjèèjì ni. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹlòmíràn fi kun ọ̀dà tiwọn bò ó. Ògiri fúnra rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní 1989, kí ó tó wó.

Ó ya ti Melbourne ní 1984, ó ya ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Necker ní Paris ní 1987. Ní 1986 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní New York, níbi tí ó ti ń ta àwọn àwòrán rẹ̀ lára aṣọ àti báàjì. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó ti di oníṣòwò. Ó sàn kí ọmọ tálákà rí i rà ju kí olówó nìkan gbé e kọ́ sí pálọ̀ lọ, bí ẹ bá bi èmi.

Ní 1988 àwọn dókítà sọ fún un pé ó ti ní àrùn éèdì. Ní oṣù Kejì 1989 ó wà ní Barcelona, ní àdúgbò àwọn tálákà àti àwọn tí oògùn ti bàjẹ́, ó sì fi ọ̀dà pupa ya àwòrán tí ó ń sọ pé bí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀, a lè dá éèdì dúró. Wọ́n mọ̀ pé wọn yóò wó ògiri náà, nítorí náà wọ́n da àwòrán náà kọ kí wọ́n tó wó o. Ní 2014 wọ́n tún un yà sí ibòmíràn ní àdúgbò kan náà. Ní oṣù Kẹfà 1989 ó wà ní Pisa, ní Ítálì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ará ibẹ̀ ti bá a pàdé ní òpópónà New York tí ó sì pè é wá. Ẹ̀yìn ilé àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Antonio ni ó yà, ìwọ̀n mítà 180 níbùú lóròó, ènìyàn 30 nínú rẹ̀, kò sí èyí tí kò so mọ́ èkejì. Ó pè é ní Tuttomondo, èyí tí í ṣe gbogbo ayé. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1990, ní ọmọ ọdún 31.

Ní 2019 wọ́n tún ògiri Harlem kùn, bí wọ́n ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú, kí òjò àti oòrùn má bàa pa á rẹ́. Ní ọdún 2019 yìí kan náà, ní ìlú kan náà, ilé àwòrán Guggenheim gbé àwòrán tí Basquiat yà nípa Michael Stewart síta, èyí tí Haring gé kúrò lára ògiri rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń san owó láti wọlé wò ó.