Òǹkà 1.8 àti Ibi Tí Ó Ti Wá

Láti ọdún 2011 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ DNA kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun mọ́ ní àríwá Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yọ DNA láti ara ewé iṣu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun tí òun yọ mọ́. Òǹkà kan ṣoṣo ni ìwé sábà máa ń fi dá a lóhùn: 1.8. Ìtàn òǹkà yìí ni a fẹ́ sọ.

Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, ultraviolet ni orúkọ rẹ̀. DNA a máa fà á mu gidigidi níbi 260 nánómítà. Púrótéènì ń fà á mu níbi 280. Ẹ̀rọ yóò wọn méjèèjì, a óò sì fi ti 280 pín ti 260. Bí èsì bá tó 1.8, a ní DNA náà mọ́. RNA a máa tó 2.0.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí DNA ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí. Ní 1942, Otto Warburg àti Walter Christian ní ìlú Berlin ń yọ púrótéènì kan tí ń jẹ́ enolase láti inú ìwúkàrà. Púrótéènì ni wọ́n ń fẹ́. Núkílíìkì asíìdì, ìyẹn ìdílé DNA àti RNA, ìdọ̀tí ni lójú wọn, wọ́n sì ṣe ìṣirò láti fi mọ bí ìdọ̀tí náà ti pọ̀ tó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Oswald Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé DNA ni ó ń gbé àbùdá láti inú kòkòrò àrùn kan sí òmíràn. Ohun tí Warburg ń kà sí ìdọ̀tí wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá, a sì dojú ìṣirò rẹ̀ dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Núkílíìkì asíìdì ń fa ìmọ́lẹ̀ yìí mu ju púrótéènì lọ lọ́nà tí ó pọ̀. Nínú ìṣirò Warburg, bí ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ bá bọ́ sínú púrótéènì, òǹkà yóò fò láti 0.57 sí 1.06. Ẹ wá wo òdì kejì: bí ìdá 30 nínú 100 bá jẹ́ púrótéènì, òǹkà yóò kúrò ní 2.00, yóò sì dúró sí 1.94! Ta ni yóò fura? J. A. Glasel kọ̀wé lórí èyí ní 1995, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kò yí ohùn padà. Ní 1997, àwọn mìíràn tún fi hàn pé bí omi tí a fi wọ̀n ọ́n bá kan díẹ̀, òǹkà a máa wálẹ̀.

Fún àwa tí iṣu jẹ́ tiwa, ọ̀tá mìíràn tún wà. Èròjà yíyọ̀ inú iṣu, tí ó tan mọ́ ṣúgà, kì í fara hàn níbi 280 rárá. Òǹkà lè jẹ́ 1.8 geere, kí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi DNA náà ṣe sì kọ̀ jálẹ̀. Níbi 230 ni irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń tú ara rẹ̀ fó, ẹ̀rọ kan náà ni ó sì ń wọn ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú 1.8 wá, ẹ béèrè ti 230 lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó gbé DNA náà sórí jẹ́ẹ̀lì.