Bí Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Sanwó fún Onílẹ̀ Kí Ilẹ̀ Lè Padà Bọ̀ Sípò

Àwọn baba wa a máa wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìtàn ilẹ̀ oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sì kọ́ wa ní ohun kan sí i: pé ìjọba lè fi owó ba ilẹ̀ jẹ́ láìní èrò ibi, kí ó sì tún ná owó mìíràn láti tún un ṣe.

Nígbà ogun 1939 sí 1945, àwọn ọ̀tá ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ lọ sí erékùṣù náà. Wíwọ́n oúnjẹ fún olúkúlùkù kò sì dópin títí di 1954. Nítorí náà, ní 1947, ìjọba ṣe òfin tí ó fi ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀ lórí iye tí a ó máa ra irè oko rẹ̀. Ó sì fún wọn ní owó ìrànwọ́ láti fa omi àbàtà gbẹ, àti láti hú àwọn igi tí a gbìn ṣe ààlà oko, kí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ lè ráyè kọjá. Kí a má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ebi ti dẹ́rù bà kì í fi àká rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú igi ààlà àti àbàtà wọ̀nyí ni ẹyẹ àti oyin ń gbé. Nínú gbogbo pápá olódòdó tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní nǹkan bí 1930, bí 97 nínú 100 ni ó ti parẹ́ ní 1984.

Ọ̀ràn náà wá sí gbangba ní Halvergate, ní Norfolk, níhà ìlà-oòrùn. Àwọn onílẹ̀ kan fẹ́ tu ilẹ̀ àbàtà tí màlúù ti ń jẹ̀ láti ìrandíran, kí wọ́n lè gbin àlìkámà sí i, nítorí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ní 1985, ìjọba yan ọ̀nà ẹ̀sọ̀: ó ṣèlérí £50 lọ́dọọdún lórí éékà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ọ̀pọ̀ jùlọ gbà. Láti 1987 ni irú ètò yìí ti tàn dé àwọn agbègbè mìíràn.

Síbẹ̀, owó tí ó pọ̀ jù kò tọ ọ̀nà yìí. Lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí Britain wọ̀ ní 1973, ìwọ̀n ilẹ̀ ni a wá ń wò kí a tó sanwó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù fi ń gba owó jù. Nígbà tí wọ́n jáde ní 2020, ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun pé ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn ní àǹfààní ni kí owó ìlú máa rà: omi mímọ́, ilẹ̀ ọlọ́ràá, ibùgbé ẹranko. Èyí tí ó gbòòrò jù nínú ètò náà ni Landscape Recovery. Àwọn onílẹ̀ a pa ilẹ̀ wọn pọ̀, láti 500 hẹ́kítà sókè, a sì bá wọn ṣe àdéhùn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, 22 ni a yàn ṣáájú.

Ọgbọ́n wà nínú gígùn àdéhùn náà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan tó láti fa omi àbàtà gbẹ. Ìran kan ni ó gbà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń kọminú: bí igbó bá ń mú owó wọlé fún onílẹ̀ ju òun lọ, níbo ni òun yóò dá oko sí? Ìlú pẹ̀lú kò sì lè ṣàìjẹun. Ní tiwa, a gbà pé sísan owó náà tọ́, nítorí ẹ̀sọ̀ ni. Kìkì pé kí ìjọba tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ń jẹun lórí ilẹ̀ yìí nísinsìnyí, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ ní ọdún kọkànlélógún?