Bí BASIC Ṣe Di Ohun Tí À Ń Fi Ọwọ́ Yà

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Visual Basic jáde níbi ìpàtẹ Windows World ní ìlú Atlanta. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà kò ní í kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kankan. Yóò fi máòsì mú bọ́tìnnì kan nínú àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò yà á sórí fèrèsé òfìfo, yóò fà á gbòòrò tàbí kó sún un síbi tó wù ú. Bó bá tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, àyè á ṣí fún un láti kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Èdè tí yóò fi kọ ọ́ ni BASIC, èdè tó ti pé ọdún 27 nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì ti ń fojú tín-ín-rín.

Ká tó lè mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó yẹ ká mọ ìyà tó wà nílẹ̀. Windows 3.0 ti jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1990, àwọn èèyàn sì ń rọ́ lọ rà á, ṣùgbọ́n kíkọ ètò fún un kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ìwé Charles Petzold ni àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí. Nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀, kí fèrèsé kan ṣoṣo tó yọjú, tí kò ṣe ju pé kó kí èèyàn lọ, ó gba nǹkan bí ìlà 80 ní èdè C. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti fi orúkọ fèrèsé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows, kó sọ bí yóò ṣe tóbi tó, kó sì máa fetí sí gbogbo iṣẹ́ tí Windows bá rán sí i. Olùṣirò owó tó mọ ìṣòro ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò lè dán an wò.

BASIC kì í ṣe àjèjì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò ní Dartmouth College ní ìlú Hanover, a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Boston pẹ̀lú àpótí tó kún fún káàdì tí wọ́n lu ihò sí lára, kí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT lè bá wọn ṣe iṣẹ́ tó wà nínú wọn. Bí àṣìṣe kékeré kan bá wà nínú káàdì kan, ó di ìrìn-àjò mìíràn. Òun àti John Kemeny, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ti ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Albert Einstein nídìí ìṣirò, ló wá pinnu pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth, títí kan àwọn tó ń kọ́ nípa ìtàn àti lítíréṣọ̀, gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ara wọn lo kọ̀ǹpútà. Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1964, BASIC ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èèyàn méjì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Ọ̀rọ̀ inú èdè náà kò pọ̀: PRINT, LET, IF, GOTO, àti díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrọ̀rùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra. Ìdáhùn rẹ̀ yá. Ẹni tó kọ ọ́ rí èso iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí alágbàtà tí yóò gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì ní kó padà wá lọ́la.

Ìyẹn ni BASIC gbé rìn kúrò ní Dartmouth. Ní ọdún 1975, Bill Gates, Paul Allen àti Monte Davidoff kọ BASIC tó wọ inú Altair 8800, kọ̀ǹpútà kékeré tí olówó rẹ̀ lè tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un mọ́ inú kílóbáìtì 4 péré. Òun ni ọjà àkọ́kọ́ tí Microsoft tà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, bí ọmọ kan bá tan Commodore 64 tàbí BBC Micro, BASIC ló máa pàdé lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìwé eré tí David Ahl ṣà jọ, BASIC Computer Games, tà ju ẹ̀dà mílíọ̀nù kan lọ, àwọn ọmọdé sì ń jókòó tẹ àwọn eré náà sínú kọ̀ǹpútà wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Inú àwọn àgbà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò dùn. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí gbogbo ayé ń wárí fún, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1975 pé ẹni tó bá ti bá BASIC pàdé ṣáájú ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Lóòótọ́, GOTO, ọ̀rọ̀ tó ń rán kọ̀ǹpútà lọ sí ìlà mìíràn, máa ń mú kí kóòdù lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní í mọ ibi tó wọlé sí. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà le jù, kò sì tọ́. Ẹni tó fi BASIC bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ òmíràn. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹni tó mú àwòrán wá bá èdè yìí kò tiẹ̀ ní BASIC lọ́kàn. Alan Cooper, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ń ronú lórí ojú tí Windows yóò fi pàdé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó rí i pé iṣẹ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ojú kan tó lè bá gbogbo wọn mu. Ó wá ṣe àkójọ irinṣẹ́ tí oníkálukú lè fi to tirẹ̀, ó pè é ní Tripod, ó sì fi han Bill Gates ní oṣù kẹta ọdún 1988. Gates rà á. Orúkọ rẹ̀ di Ruby, tí kò bá èdè Ruby òde òní tan rárá. Nígbà tí Cooper àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ parí rẹ̀, tí wọ́n fà á lé Microsoft lọ́wọ́, Microsoft yọ èdè kékeré tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi BASIC rọ́pò rẹ̀.

Ìpinnu yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àwọn èdè tó gún régé ju BASIC lọ pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní irú ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ti tẹ PRINT rí láti kékeré. Ojú tuntun ni wọ́n nílò, Ruby sì fún wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí Cooper fi sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀ kó sì fi kún àpótí náà. Nínú Visual Basic, VBX ni wọ́n ń pe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà ńlá sì ṣí lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ta kàlẹ́ńdà, àwòrán gíráàfù àti tábìlì oníṣirò tí èèyàn kàn lè fà sórí fèrèsé. Àwọn ọ̀jáfáfá C ló ń ṣe wọn. Àwọn tí kò gbọ́ C rárá ló ń lò wọ́n. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní ọdún 1993, tó gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ti Access dání, ẹni tó mọ ìwé gbèsè ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí lè ṣe ètò tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Borland, tó ń bá Microsoft du ọjà, rí i, kò sì káwọ́ gbera. Pascal ni tirẹ̀, èdè tí Niklaus Wirth ṣe ní Zurich ní ọdún 1970 láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1995, Anders Hejlsberg, ọmọ Denmark, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Delphi jáde, tí èèyàn ń ya fèrèsé nínú rẹ̀ bíi ti Visual Basic. Àǹfààní kan tó ní ni pé Pascal ni wọ́n fi kọ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ pàápàá, tí ẹni tó bá ń fẹ́ ìjìnlẹ̀ fi lè ṣí wọn wò. Lazarus, àbúrò Delphi tó jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ó ṣì ń bẹ.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ girama tó ń ṣe Computer Studies ń kọ́ BASIC, ṣùgbọ́n ojú àtijọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Níbi tí kọ̀ǹpútà kò bá ti tó tàbí tí iná kò bá sí, ara pátákó ni olùkọ́ ń kọ INPUT àti PRINT sí, inú ìwé sì ni ọmọ ń dà á kọ sí. Ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ tí Kemeny àti Kurtz tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ lẹ́yìn náà pé BASIC sú òun, kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ẹ̀dà kẹfà Visual Basic, tó jáde ní ọdún 1998, Microsoft yí ọ̀nà padà. Visual Basic .NET tó dé ní ọdún 2002 jọ èyí tó ṣáájú ní orúkọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀. Integer, àyè tí wọ́n ń fi nọ́ńbà odidi sí, fẹ̀ sí i, Variant, àyè tó lè gba ohunkóhun, lọ, àǹfààní láti dá ètò dúró lẹ́nu iṣẹ́ kéèyàn tún kóòdù ṣe kó sì máa bá a lọ sọnù títí di ọdún 2005. Irinṣẹ́ ìyípadà tí wọ́n fi kún un kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, bí ìtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà kẹfà ṣe ń parí lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tí Microsoft fúnra rẹ̀ ti fi oyè dá lọ́lá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá èdè náà padà. Microsoft kò gbà. Èdè tuntun náà lágbára, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń jẹ. Wọn kò ráyè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn kan lọ sí èdè C#, àwọn mìíràn dúró sórí ẹ̀dà kẹfà, Windows sì ṣì ń gbà kí ètò wọn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2020 ni Microsoft kéde pé àwọn kò ní í fi ohun tuntun kún Visual Basic mọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè.

Inú Excel, tábìlì oníṣirò Microsoft, ni BASIC ti ń gba àlejò báyìí. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti fi í síbẹ̀, lórúkọ VBA. Akọ̀wé owó tí iṣẹ́ kan náà bá ti sú láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kọ̀ọ̀kan lè tẹ Record Macro, kó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i bó ti máa ń ṣe é, Excel á sì máa kọ kóòdù BASIC sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó bá ṣí i, yóò rí i pé ìlà 10 péré ni kóòdù náà mọ̀, bẹ́ẹ̀ 500 ni orúkọ oníbàárà tó wà nílẹ̀. Yóò pa 10 rẹ́, yóò kọ 500 síbẹ̀, yóò sì tún un ṣe.