Iṣẹ́ Tí Oòrùn Lè Ṣe

Ẹ máa sá aṣọ aláró sí oòrùn lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ kò ní rí bí ó ti rí mọ́. Ìmọ́lẹ̀ a máa tú nǹkan palẹ̀, a sì máa tún un tò di nǹkan mìíràn.

Giacomo Ciamician, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, mọ èyí. Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni òun àti Paul Silber ti ń to ìgò èròjà olómi sí orí òrùlé ilé iṣẹ́ wọn. Wọn kò dáná sí wọn nídìí. Wọn a fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọn tó tú wọn wò. Ẹ wo irú sùúrù bẹ́ẹ̀!

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, Ciamician sọ̀rọ̀ ní New York níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Ó kìlọ̀ pé èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò lè tán. Ó ní ilé iṣẹ́ tí kò rú èéfín lè wà ní ilẹ̀ aṣálẹ̀, tí oòrùn yóò máa ṣe iṣẹ́ iná níbẹ̀.

Kí ló wá fa ìdádúró? Púpọ̀ nínú èròjà tí a fi ń ṣe oògùn ni ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí ó gba inú omi tí ó tòrò. Wọ́n ń fẹ́ alárinà, tí yóò gba agbára ìmọ́lẹ̀, tí yóò sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ruthenium àti iridium, irin méjì, mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n bí ojú.

Kábọ́ọ̀nù, tí èédú kún fún, kò wọ́n rárá. Ní ọdún 2004, ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fọ ìdọ̀tí dúdú tí iná mànàmáná fi sílẹ̀ lára kábọ́ọ̀nù. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá; èérún tí ń tàn ni wọ́n rí. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000: púpọ̀ nínú èérún wọ̀nyí kò tó ìpín 10. Wọ́n lè ṣe alárinà.

Ẹlòmíràn ni carbon nitride, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè. Láti ọdún 1834 ni Liebig ti fún ìbátan rẹ̀ kan lórúkọ, ṣùgbọ́n ọdún 2009 ni a tó fi hàn pé ó lè fi ìmọ́lẹ̀ fa háídírójìn jáde láti inú omi. Yúríà, ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò, ni a lè yan lórí iná kí a fi rí i. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì tún un lò.

Nínú ìgò kékeré, iṣẹ́ náà ń lọ déédé. Inú agbada ńlá ni ìjà wà, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé jìnnà; èyí tí ó wà láàárín yóò wà nínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú èròjà náà gba inú ọ̀pá tóóró kọjá níwájú iná, díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan gbogbo rẹ̀.